Ìdọ̀bálẹ̀ Tóyè ní Ashaiman

Ní Ghana, ẹni tó bá fẹ́ bú ẹ gan-an, á kọ́kọ́ sọ pé ẹ jọ̀ọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, orí yín ò pé." Ẹ wo ọmọlúàbí! Èmi tí wọ́n bí sí Accra, ó ti mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n Olútóyè tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wa nílé ìtẹ̀wé ní Tudu, ariwo ni gbogbo ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Afua tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà á rọra ní, "Bra Tóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbẹ́ yín ni mo wà, mi ò sí ní Tema lọ́nà jíjìn." Ibi tó ti ń tù ú lójú báyẹn nìfẹ́ ti wọ Tóyè lọ́kàn.

Ọdún tí wọ́n gé òdo mẹ́rin kúrò lára sídì, owó Ghana, ni Tóyè ní kí n sin òun lọ sọ́dọ̀ bàbá Afua ní Ashaiman. Kí bàbá ṣáà ti gbà kó fẹ́ ọmọ wọn, ó tán.

Mo ní, "Tóyè, ọwọ́ ni wọ́n ń bọ̀ níbí o."

"Bọ̀ọ̀dá Kàsímù, kí n na ọwọ́ sí bàbá ìyàwó mi? Ṣé ẹgbẹ́ mi ni?"

A wọlé. Kí n tó lanu, gbìì! Tóyè ti na gbalaja sórí símẹ́ǹtì.

Ìyá Afua figbe ta. Nílé tiwọn, ẹni tó bá wólẹ̀ báyìí, ẹ̀ṣẹ̀ ló wá bẹ̀. Ojú ìyá lọ tààrà síkùn Afua tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Bàbá fi Twi, níbi tí Yorùbá ti ń jẹ́ Àlátà, bi mí pé, "Ọmọ Àlátà yìí, kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan, bàbá."

"Ní kó dìde nígbà yẹn."

Mo sọ fún un. Tóyè ní, "Dìde kẹ̀? Wọn ò tíì wúre fún mi!"

Yéè! Bí kò ṣe dìde, bẹ́ẹ̀ lẹ̀ṣẹ̀ tí ò dá ń wúwo sí i. Ìyá ti ń sunkún. Nílé ẹlòmíì, wọn ì bá ti wá igi. Ṣùgbọ́n bàbá yìí sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé Tóyè lẹ́yìn. "Ohun yòówù kó ṣe, mo ti dárí jì í. Ẹ fún un lómi." Kò tíì mọ ẹ̀ṣẹ̀ náà o!

Tóyè rò pé ìwúre ti dé. "Àmín!" Ó fò dìde.

Ó mumi tán kí bàbá tó béèrè ohun tó bá wá, torí àlejò kì í rojọ́ níbẹ̀ kó tó mumi. Mo wá ṣàlàyé: Afua ló fẹ́ fẹ́, kíkí ló sì ń kí wọn.

Bàbá yanu. "Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń kí ẹni tẹ́ ò ṣẹ̀? Tẹ́ ẹ bá wá ṣẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Tóyè. Ó ní, "Gbogbo ẹbí mi á wá bá mi dọ̀bálẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Mo gbà. Kó kó wọn wá kanlẹ̀kùn wa, kí wọ́n wá tọrọ ọmọ bó ṣe yẹ. Ìdáríjì tí mo fún un yẹn, kó máa mú un lọ. Ọkọ ni, á wúlò fún un."

Ìyá nu ojú. "Kí wọ́n jókòó kí wa o. Àyà mi ò lè gbé e lẹ́ẹ̀kejì."