Àwọn Tó Ń Pe Orúkọ Dinah

Agboolé kan náà ni Àrìnpé àti Adéwùnmí ń gbé ní Ajílété. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló fẹ́ wọn, Àrìnpé sì ni ìyálé. Bánjí ọmọ Àrìnpé ń ṣe ìwádìí ibà ní yunifásítì, Dinah ọmọ Adéwùnmí náà ń ṣe é. Ogójì ìwé ìwádìí ni Bánjí ti kọ jáde, ti Dinah ò ju mẹ́ta lọ. Ogójì yìí ni Àrìnpé fi ń ta gààrí, òun náà ló fi ń kí èèyàn.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ ìkórè ìjọ wọn jókòó láti mú alága láàárín Bánjí àti Dinah, wọn ò tíì ṣe àmín tán tí Àrìnpé fi gbé orin:

Ogójì ìwé, ẹ bá mi kà á o,
Bánjí mi ló kọ ọ́,
Ẹ bá mi kà á.

"Màmá Bánjí, ẹ rọra," ni Títílọpẹ́ wí. Tíṣà ni, òun ni akọ̀wé wọn, ó sì ti ń tẹ fóònù. "Iye ìwé nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń wo iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ yòókù bá pe orúkọ èèyàn. Dinah nìyí, ó lé ní ẹgbẹ̀rún. Bánjí ò tíì pé ọgọ́rùn-ún."

Àrìnpé wo Adéwùnmí. Ìyẹn ń tún gèlè rẹ̀ wé bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn án, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ló dun Àrìnpé jù.

"Ẹ fún mi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ó ní.

Pípè lásán? Kí ló le níbẹ̀? Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ bá àwọn ọlọ́kadà tó ń ná Ibeṣe.

"Husain, pe Bánjí kó o tó gbéra."

"Bánjí wo, Màmá?"

"Ìwọ ṣáà pè é."

Husain pè é. Àwọn tó ń yan gààrí pè é. Awakọ̀ kan tó ń lọ sí Kútọnu fi imú Faransé pè é, Àrìnpé sì ka tiẹ̀ sí méjì, torí pé ti òkè òkun ni.

Adéwùnmí gbé igi ìdáná kọjá. "Ìyálé mi, mo gbọ́ pé ẹ ń wá àwọn apè. Bánjí, Bánjí, Bánjí. Ṣé ó tó, àbí kí n fi èènì sí i?"

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Àrìnpé pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Ṣé ó ti lọ sókè?"

"Kí ló lọ sókè, Màmá?"

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀. Bánjí rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

"Inú ìwé ni wọ́n ti ń pè é, Màmá. Tí mo bá mú nǹkan látinú iṣẹ́ ẹlòmíì, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀dọ̀ lágbájá ni mo ti rí i."

"Ta wá ló ń pe Dinah?"

"Àwọn ará Íńdíà. Àwọn ará Kẹ́ńyà. Èmi náà."

"Ìwọ ta?"

"Èmi Bánjí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí mi ò ti pè é nínú ogójì yẹn. Òun ló fi hàn wá bí a ṣe ń rí ibà tó sá pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi ti bẹ̀rẹ̀."

"Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀."

"Wọ́n á pè mí lólè, Màmá."

Àrìnpé pa fóònù. Ká ní àwọn ará Íńdíà nìkan ni, ì bá gbà á mọ́ra. Ọmọ tó bí, tó pọ̀n, ló wá di elégbè lẹ́yìn Dinah.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti lọ látàárọ̀.

"Màmá Bánjí, a ò rí nǹkan kan wò lónìí," ni Títílọpẹ́ wí. "Ohun tẹ́ ẹ bá sọ la máa gbà."

Àrìnpé lè sọ pé ti Bánjí ti di ẹgbẹ̀rún méjì. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Àmọ́ ó rántí ọ̀rọ̀ olè tí ọmọ rẹ̀ sọ.

"Dinah," ó ní, bí ẹni ń tu àgbo kíkorò dànù. "Bánjí fúnra rẹ̀ ló yàn án."

Àrìnpé àti Adéwùnmí jọ rìn lọ sílé.

"Ìyàwó, kí lo tiẹ̀ fi bọ́ ọmọ yẹn?"

"Èmi kẹ̀? Ṣebí oko ni mo máa ń wà. Ẹ̀yin lẹ bọ́ ọ, Ìyálé mi, òun àti Bánjí nínú abọ́ kan."

Àrìnpé rántí abọ́ náà. Ó rántí ẹran tí òun máa ń fi ṣíbí tì sí ẹ̀gbẹ́ Bánjí, àti bí Bánjí ṣe máa ń tì í padà sí ẹ̀gbẹ́ Dinah. Nígbà yẹn náà, inú ti ń bí i.