Ẹkún Leland

Ní gbogbo ọdún mẹ́rìnlélógún tí Orrin Haugen ti fi ń ṣe fíìmù, kò sí irú èèyàn tí kò tíì ṣe rí. Ó ti ṣe àlùfáà, ó ti ṣe adájọ́, ó ti ṣe olè tó ń fọ́ báńkì, ó ti ṣe darandaran tó ń gun ẹṣin, ó ti ṣe dókítà tó ń fọgbọ́n pa àwọn aláìsàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn a máa dá a dúró níwájú ìsọ̀ búrẹ́dì ní Burbank níbi tó ń gbé, wọn a tẹjú mọ́ ọn, wọn a ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ wá tún ẹ̀rọ ìfọṣọ wa ṣe lọ́jọ́sí?" Ojú rẹ̀ ò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Corinne ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Gbogbo Amẹ́ríkà ló mọ̀ ẹ́, ọkọ mi. Wọn ò kàn mọ̀ pé ìwọ ni."

Orrin a rẹ́rìn-ín. Kò dùn ún. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó wo èèyàn, kó wo bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀, bó ṣe ń di bọ́tìnnì, bó ṣe ń mí kó tó purọ́, kó wá gbé gbogbo rẹ̀ wọ̀ bí ẹni gbé ẹ̀wù wọ̀. Láti kékeré ló ti ń ṣe é. Ní Duluth níbi tí wọ́n bí i sí, létí adágún ńlá tó ń dì gbagidi lọ́dọọdún, kò sẹ́ni tí kì í sín jẹ nínú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn, títí ìyá rẹ̀ á fi di ikùn mú torí ẹ̀rín.

Lọ́dún 1973, nígbà tó pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, olùdarí fíìmù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ fi ìwé eré kan ránṣẹ́ sí i. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó ti ojú ogun Jámánì dé láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹun, ó ń kí aládùúgbò, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ò tíì bá a délé. Orrin ò dìde lórí àga tó fi kà á tán. Kó tó kà á dé ìdajì, ó ti mọ ẹni tó máa wò ṣe é.

Leland ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ọdún mẹ́fà ni Leland fi jù ú lọ. Ó lọ sógun lọ́dún 1943, ó dé ní ìparí 1945, tọwọ́ tẹsẹ̀ rẹ̀ pé, gbogbo ilé sì dúpẹ́. Ó gba iṣẹ́ sí èbúté tí wọ́n ti ń kó òkúta irin sínú ọkọ̀ ojú omi, ibẹ̀ ló sì wà látìgbà náà. Kò gbéyàwó. Ilé àwọn òbí wọn ló ń dá gbé lẹ́yìn tí wọ́n kú. Kò sọ̀rọ̀ ogun sétí ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n kì í kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn jókòó. Tó bá fẹ́ jẹ búrẹ́dì, á kọ́kọ́ gé e wẹ́wẹ́, á tò ó yí etí àwo ká. Tí ẹnì kan bá ti ilẹ̀kùn gbàgà, ọwọ́ òsì rẹ̀ á máa gbọ̀n, á sì tì í bọ abẹ́ itan, á jókòó lé e. Tó bá sì fẹ́ kúrò níbì kan, á ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ n máa lọ ná," á tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta kó tó lè dìde, bí ẹni tó ń retí àṣẹ ọ̀gá.

Gbogbo rẹ̀ pátá ni Orrin kó. Kò tọrọ. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé ohun tó yẹ kéèyàn tọrọ ni.

Ẹkún kan wà ní apá ìparí fíìmù náà. Ọkùnrin yẹn á wọ ilé ìwẹ̀, á ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀, á ki aṣọ ìnura bọ ẹnu, á wá sunkún. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya ibẹ̀, ohùn tó ti ọ̀fun Orrin jáde kò jọ ti èèyàn. Obìnrin tó ń bá wọn tún irun ṣe bọ́ síta. Olùdarí gbàgbé láti ní kí kámẹ́rà dúró. Nígbà tó yá ló súnmọ́ Orrin.

"Níbo lẹ ti rí ìyẹn, ọ̀gá?"

"Ó kàn wá ni," ni Orrin wí.

Irọ́ ló pa.

Fíìmù náà jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwé ìròyìn ò sì sọ̀rọ̀ míì. Àwọn èèyàn wá ń fi orúkọ pe Orrin ní títì. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe rò lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, Ardis, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, pè é lórí fóònù láti Duluth. Kò kí i.

"Orrin, kí ni Leland fi ṣe ẹ́?"

"Àǹtí mi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ níbi iṣẹ́ ló fà á lọ sí sinimá. Wọ́n ní fíìmù àbúrò ẹ dé, ká lọ wò ó. Òun náà múra, ó wọ kóòtù tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Fíìmù ò tíì lọ jìnnà tí Einar Moe, aláriwo yẹn, fi gbá a nígbọ̀nwọ́, ó ní, 'Leland, ìwọ rèé o!' Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tó dórí ẹkún yẹn, ẹ̀rín wọn dá. Leland dìde, ó fẹsẹ̀ rìn délé nínú òtútù."

Orrin fa àga, ó jókòó.

"Ó lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti gé búrẹ́dì wẹ́wẹ́, wọ́n tò ó sórí tábìlì ẹ̀. Tó bá ti ń kọjá, wọ́n á ní, 'Ó dáa, ẹ jẹ́ n máa lọ ná.' Einar ní eré làwọn ń ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta ni Leland lè gbà á mọ́ra. Ó kó aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí tó ti wà nílé."

"Kí ló dé tẹ́ ò tètè sọ fún mi?"

"Òun ló ní n má sọ. Ó ní kí n má bà ẹ́ láyọ̀ jẹ́."

Orrin wọ bàálù lọ́jọ́ kejì. Ó gba mọ́tò lọ́wọ́ Ardis ní pápákọ̀ òfurufú, ó wa lọ tààrà sí ilé àwọn òbí wọn. Yìnyín ti bo àtẹ̀gùn, kò sẹ́ni tó gbá a. Leland fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti rù.

"O dé," ni Leland wí.

"Mo dé, Bùọ̀dá."

"Wọlé, òtútù ń wọlé. Ṣé bàálù ò yọ ẹ́ lẹ́nu?"

Ó bu kọfí fún un. Ó gbé ẹja tí wọ́n fi èéfín yan sílẹ̀ fún un, kò gbé búrẹ́dì. Ó wá fa àga kan, ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Orrin wò ó. Òógùn ń sọ níwájú orí rẹ̀, ọrùn rẹ̀ le gan-an bíi ti ẹni tí wọ́n na ìbọn sí lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò dìde. Orrin wá rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ń sapá láti má ṣe bíi ti ara rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ àga, Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́."

"Fi mí sílẹ̀. Ti búrẹ́dì yẹn, kò burú. Kò wọ ọ̀fun mi mọ́ ni. Ti ọwọ́, kò burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tún lo lò, òsì lọwọ́ mi."

"Kámẹ́rà wà lápá ọ̀tún ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Leland mi orí. "Gbogbo ayé ló ń rí ìyẹn lára mi, ìwọ nìkan kọ́. Àmọ́ ẹkún yẹn, Orrin. Ta ló fi hàn ẹ́?"

Ọgọ́ta ojú ni Orrin ní tó lè fi purọ́. Kò rí ọ̀kan lò nínú wọn.

"Ìgbà òtútù tẹ́ ẹ dé yẹn. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀."

"Lẹ́ẹ̀kan?"

"Rárá. Ọ̀pọ̀ ìgbà."

"O ò kanlẹ̀kùn."

"Mi ò kanlẹ̀kùn."

"Kí wá lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń dún ni."

Leland ti ife kọfí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pariwo.

"Mo rò pé omi ẹ̀rọ bò ó mọ́lẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń dúpẹ́ pé Màmá ò gbọ́, pé ẹ̀yin ọmọdé ò gbọ́. O sì dúró síbẹ̀. Ká ní o kanlẹ̀kùn ni, Orrin. Ìwọ ni ì bá jẹ́ ẹni kan ṣoṣo tí màá sọ ọ́ fún."

Orrin bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní wọ́n ti yan òun mọ́ àwọn tó ń du ẹ̀bùn eré kan ní New York lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní tó bá bọ́ sí òun lọ́wọ́, òun á dárúkọ rẹ̀ níwájú gbogbo wọn, òun á sọ pé ti Leland ni, kì í ṣe toun.

"O ò gbọdọ̀ dárúkọ mi níbì kankan," ni Leland wí. Ó dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣílẹ̀kùn fún un. "Kí Corinne fún mi."

Ẹ̀bùn náà bọ́ sí i lọ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó gun orí pèpéle, orúkọ Leland dé góńgó ahọ́n rẹ̀, ó gbé e mì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ olùdarí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Corinne, ó sọ̀kalẹ̀. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé agbéraga ni, pé kò rántí ilé tó ti wá.

Iṣẹ́ wá ya wọlé. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti bàjẹ́. Bó bá jókòó sí ilé oúnjẹ láti wo bí bàbá arúgbó kan ṣe ń gbá ṣíbí mú, kò ní pẹ́ tí ojú á fi tì í, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò lè wo èèyàn mọ́. Ohun tó ti kó jọ tẹ́lẹ̀ ló ń ná. Ó ń ṣe iṣẹ́ tó mọ́, kò sẹ́ni tó rí àléébù nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sunkún. Nígbà tó máa fi di ọdún mẹ́rin, ó ti padà sídìí adájọ́ àti àlùfáà. Corinne bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá. Ó ní ara òun le.

Ó ń kọ lẹ́tà sí Leland lóṣooṣù. Kò rí èsì kankan gbà. Ardis ló sọ fún un pé Leland ti ríṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ìwọ̀ àti ọ̀pá ìpẹja létí adágún, àti pé ó ti ń jẹun.

Ní oṣù kejì ọdún 1979, fóònù dún lówùúrọ̀.

"Yìnyín ti ki," ni Leland wí. "Ẹja ń jẹ. Tó o bá fẹ́ wá, wá."

Ó lọ. Leland ti kọ́ ahéré onípákó kékeré sórí omi dídì náà, ó gbé sítóòfù síbẹ̀, ó gbẹ́ ihò méjì sílẹ̀. Wọ́n jókòó kojú síra wọn, eékún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan eékún. Orrin tẹjú mọ́ inú ihò tirẹ̀, ó tẹjú mọ́ sítóòfù, ó tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀.

"Gbójú sókè jàre," ni Leland wí. "Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kéèyàn wo èèyàn. Ìwọ náà, kí ló dé tó o ń ṣe bí ìyàwó tuntun?"

Orrin gbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti darúgbó.

"Bùọ̀dá," ó ní, "kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín níbẹ̀?"

Leland fa okùn ìwọ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó tún tú u sílẹ̀.

"Tí mo bá sọ ọ́, ṣé o ò ní fi ṣe nǹkan?"

"Mi ò ní fi ṣe nǹkan."

"Mi ò mọ̀ bóyá mo gbà ẹ́ gbọ́."

"Òótọ́ lẹ sọ. Mi ò lè bínú sí i."

Leland ki igi bọ inú sítóòfù. Ó ní ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Tilford, ará Iowa, tó ń se oúnjẹ fún wọn. Ó sọ bí irun rẹ̀ ṣe rí àti orin tó máa ń kọ. Ó dé ibì kan, ó dúró. Ó ní ó tó, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Orrin padà lọ, àti ọdún tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni Leland fi sọ ọ́ tán, ó sì sunkún lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀. Láàárín ìgbà náà, olùdarí méjì gbé fíìmù ogun wá bá Orrin, ipò ńlá ni wọ́n sì fẹ́ fún un. Ó ní kí wọ́n má bínú, òun ò lè ṣe é, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Corinne náà bi í léèrè ohun tí Leland sọ, ó kàn ní ó ti rẹ òun díẹ̀, òun fẹ́ lọ sùn.