Oògùn Wọn

"Dókítà, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ yìí! Ikọ́ ni mo bá wá, ó ń wádìí mi bí ọlọ́pàá."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlápàdé ló ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà. Dókítà Àrínọlá kò rẹ́rìn-ín. Àwọn aláìsàn ti kún ìjókòó, àwọn kan ti dúró síta lójú títì Mushin. Síbẹ̀ Muadh, dókítà kékeré tí ilé ìwòsàn ńlá rán wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣì wà lórí ẹnì kejì láti àárọ̀.

Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ Muadh dàgbà. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, àmọ́ "wọ́n" máa ń dà á láàmú. Bí ẹnì kan bá sọ pé, "Wọ́n ti dé," á béèrè pé, "Àwọn mélòó?" Ìyá ẹni náà nìkan ló dé.

"Mo ti pinnu," Dókítà sọ fún Ìdíátù, nọ́ọ̀sì rẹ̀. "Nírọ̀lẹ́ yìí, màá pe àwọn tó rán an wá. Kí wọ́n mú un lọ síbòmíì."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí wọ́n máa rán wọn wá, Mà."

"Mo mọ̀. Nípàdé àwa dókítà, wọ́n ní kí iṣẹ́ má bàa kú mọ́ wa lọ́wọ́ la ṣe ń kọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ dídùn. Èyí tí mo kọ́ kẹ́yìn ti wà ní Kánádà. Kò tiẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀."

Kí Ìdíátù tó fèsì, obìnrin kan tó ń jẹ́ Fadilah wọlé, ó di ìyá ọkọ rẹ̀ mú. Òógùn ti mú aṣọ ìyá náà tutù. Ọ̀rọ̀ ìyá náà ti dàrú: orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú ló fi ń pe Fadilah.

Dókítà mọ Màmá dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni àìsàn rẹ̀. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ga.

"Ṣé wọ́n lo oògùn wọn?"

"Wọ́n lò ó láàárọ̀ yìí, Mà."

"Mo rò pé rọpárọsẹ̀ ló ń bọ̀ yìí. Ìdíátù, bá wa wá mọ́tò, ká máa gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ńlá."

Muadh ti yàrá rẹ̀ wọlé, ó sún mọ́ wọn. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, oògùn ta ni wọ́n lò?"

"Muadh! Kì í ṣe ìsinsìnyí."

"Oògùn wọn náà ni," Fadilah wí.

"Wọn wo?"

"Ṣebí mo ti sọ ọ́. Tiwọn ti tán, ni wọ́n bá lo tiwọn. Wọ́n ní oògùn ni gbogbo ẹ̀."

Dókítà Àrínọlá yíjú sí Fadilah. "Ti ta lo ní? Ti Bàbá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ti Bàbá."

Bàbá, ọkọ Màmá, ní ìtọ̀ ṣúgà. Dókítà fúnra rẹ̀ ló kọ oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ fún bàbá náà. Ó gún Màmá lọ́mọ ìka. Ṣúgà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀.

"Ṣé wọ́n jẹun?"

"Rárá, Mà. Wọ́n ní ẹnu wọn korò."

Muadh ti ń wá iṣan. Wọ́n fa omi ṣúgà sí Màmá lára. Kò pẹ́, ó lajú, ó sì tẹjú mọ́ Muadh.

"Ọmọ ta nìyí? Ọwọ́ ẹ tutù bí ẹja inú yìnyín."

Fadilah bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ìdíátù jókòó gbì sórí àga aláìsàn.

"Wọn ò tíì lè lọlé," Dókítà wí. "Oògùn yẹn ṣì lè tún fa ṣúgà wọn wálẹ̀."

Nírọ̀lẹ́, Muadh dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì rẹ̀ wà léjìká.

"Mà, pátákó lásán ló pín yàrá yín àti tèmi. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ láàárọ̀. Ṣé kí n má wá mọ́?"

Dókítà Àrínọlá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Mo ti ń gbọ́ ìdáhùn kí wọ́n tó lanu. Màmá ì bá kú sí mi lọ́wọ́ lónìí."

"Torí pé Yorùbá mi ò dáa ni mo ṣe béèrè, Mà."

"Lọ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n máa béèrè. Lọ́la, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ máa bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀. Èmi á jókòó tì ẹ́, màá máa gbọ́."

"Àwọn tó wà níta á bínú, Mà."

"Kí wọ́n bínú."