Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbé Màmá Aláròyé Pamọ́

Ọ̀rẹ́ Mátírọ́ọ̀nù tó ń ṣe àkóso ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó mìíràn ní òpin àdúgbò ló ta á lólobó lórí fóònù.

"Aláyẹ̀wò ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbí ni. Gbogbo ibi ló tú, títí dé abẹ́ ibùsùn. Ọ̀dọ̀ rẹ ló kàn lọ́la."

Mátírọ́ọ̀nù ò bẹ̀rù abẹ́ ibùsùn. Ilé ìtọ́jú tirẹ̀ mọ́ tónítóní, kọ́bọ́ọ̀dù oògùn ní àgádágodo, irin ìdìmú sì wà lára ògiri bálùwẹ̀ kí àwọn àgbà má baà yọ̀ ṣubú. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń kó o lọ́kàn sókè: Màmá Aláròyé.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé màmá yìí wá síbẹ̀, ilẹ̀ ò mọ́ kó má rí nǹkan sọ. Tíì ti tutù. Ìrọ̀rí ga jù. Ẹni tó wà ní yàrá kejì ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀ ẹ́, ó fẹjọ́ òjò sun Mátírọ́ọ̀nù, ó ní ojú fèrèsé òun nìkan ló ń rọ̀ sí.

Mátírọ́ọ̀nù pe ọmọ màmá náà, tó ń ṣiṣẹ́ onígbàjámọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mú Màmá lọ́la, kí wọ́n lọ gba atẹ́gùn díẹ̀ lọ́dọ̀ yín."

Ohùn ọkùnrin náà yí padà. "Títí di ìgbà wo?"

"Títí di ìrọ̀lẹ́ péré."

Ó mí kanlẹ̀. "Ìrọ̀lẹ́ ò burú."

Màmá ò tíì pẹ́ jáde lọ́jọ́ kejì tí aláyẹ̀wò fi wọlé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. Ó fọwọ́ wo omi gbígbóná lẹ́nu ẹ̀rọ, bóyá ó lè bó ènìyàn lára. Ó tẹ aago ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kan, ó sì dúró wo bí nọ́ọ̀sì yóò ṣe yára dé. Lẹ́yìn náà ló lọ jókòó sáàárín àwọn àgbà ní pálọ̀.

"Kí ni kò tẹ́ yín lọ́rùn níbí?"

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá nà ró lórí àga. "Kò sí, mà. Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé."

Ìyá àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń ṣàdúrà fún Mátírọ́ọ̀nù. Ẹlòmíràn ní ọmọ bíbí inú òun ò tọ́jú òun tó báyẹn. Bí wọ́n ṣe ń yìn ín ni ojú aláyẹ̀wò ń le sí i. Ó pe Mátírọ́ọ̀nù sí kọ̀rọ̀.

"Wọ́n ń bẹ̀rù yín."

"Èmi kẹ̀?"

"Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Àgbàlagbà pọ̀ tó báyìí nínú ilé kan, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ráhùn. Ohun kan ló dí wọn lẹ́nu. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyẹn."

Ó kọjá sí ilé ìdáná. Mátírọ́ọ̀nù sáré padà sí pálọ̀.

"Ẹ̀yin òbí mi, ẹ dákun, ẹ bá mi ráhùn díẹ̀."

"Ká ráhùn nípa kí ni?" Bàbá Ọlọ́pàá bi í.

"Ohunkóhun. Oúnjẹ ńkọ́?"

"Oúnjẹ dùn."

"Ẹ ní kò dùn."

"Mi ò purọ́ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, ṣé ọjọ́ ogbó mi ni kí n wá bẹ̀rẹ̀?"

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin? Ọlọ́pàá?" Ni àwọn méjèèjì bá wọ̀yá ìjà ẹnu.

Mátírọ́ọ̀nù fa fóònù yọ. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dá Màmá padà kíákíá."

"A ti wà lọ́nà. Màmá ti lé àwọn oníbàárà mi lọ. Wọ́n ní gbogbo orí tí mo gẹ̀ ló wọ́."

Màmá Aláròyé tẹ ọ̀pá wọlé. Kò tíì kí ẹnikẹ́ni tó fi ní, "Ta ló sún àga mi?"

Aláyẹ̀wò yára súnmọ́ ọn. "Màmá, ẹ káàsán. Aláyẹ̀wò ìjọba ni mí. Ṣé ó ní ohun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn níbí?"

"Ìwọ náà jókòó dáadáa. Ó máa pẹ́ díẹ̀."

Ó sì pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí tíì, ó dé orí ìrọ̀rí, ó yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń hanrun. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èyí tó wá burú jù ni pé wọ́n gbé mi pamọ́ lónìí nítorí rẹ."

Mátírọ́ọ̀nù ń wo ilẹ̀.

"Kí ló dé tí wọ́n gbé yín pamọ́?"

"Nítorí pé mo máa ń sọ̀rọ̀."

"Tí ẹ bá sọ̀rọ̀, kí ni wọ́n máa ń ṣe fún yín?"

Màmá pòṣé. "Wọ́n á tún un ṣe ni. Mo ní tíì tutù, wọ́n á gbé gbígbóná dé. Mo ní ìrọ̀rí ga, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò ní tíì gbádùn ẹjọ́ ọ̀hún tán tí wọ́n á fi parí ẹ̀."

Aláyẹ̀wò fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ikọ́ ni tàbí ẹ̀rín. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó bá Mátírọ́ọ̀nù dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ilé yín dára, màá sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n màá kọ ọ́ pẹ̀lú pé ẹ mú Màmá kúrò nílé kí n má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ibí yìí nilé wọn. Ẹ bẹ̀ wọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Mátírọ́ọ̀nù lára. Ó kúnlẹ̀ níwájú Màmá lójú gbogbo wọn. "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló bà mí."

"O ò bá ti sọ fún mi. Ǹ bá bá ọ dákẹ́ lónìí."

"Ká ní ẹ dákẹ́ ni, ọ̀rọ̀ mi ì bá bàjẹ́ pátápátá."

Màmá rò ó wò. "Ìyẹn ni pé èmi ni mo yọ ọ́."

"Ẹ̀yin ni, mà."

Nígbà tí aláyẹ̀wò tún yọ sí wọn láìsọ tẹ́lẹ̀, Màmá ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tó mú un yí gbogbo ilé ká, láti yàrá dé yàrá, tó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí ohun tó yẹ kó wò. Mátírọ́ọ̀nù gbé àga tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, kí Màmá lè máa rí ibi sinmi.