Wíìgì Onígbàjámọ̀

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí irun orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ. Kò tilẹ̀ dágbére. Kí n tó pé ogójì, orí ti pá kodoro, àwọn oníbàárà mi sì ti sọ mí ní Dígí. Wọ́n ní dígí méjì ló wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, ìkẹta ló ń rìn kiri. Èmi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ ni mí, irun orí àwọn ẹlòmíì ni mò ń gé.

Ẹni tí kò bá wa rẹ́rìn-ín ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Igun ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ń ta ìpara àti kóòmù, ó sì gbà pé òun ni ọ̀gá ibẹ̀, torí òun ló kọ́kọ́ dé ilé ayé. Nígbà tí gérungérun kan wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ sí òdìkejì títì, tí irun kún orí rẹ̀ bí igbó, ọkàn ẹ̀gbọ́n mi kò balẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé ọ̀gá ilé ìwé àdúgbò wa ń wá ẹni tí yóò máa gérun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé inú ọgbà. Igba orí! Ó ní òun fúnra òun máa kọ́kọ́ gérun lọ́dọ̀ èmi àti ará òdìkejì, kí òun tó mú ẹnì kan. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn débi pé mo ń ka orí ọmọ lójú oorun.

"Àbúrò mi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "ẹni tó ní òun máa dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ta ló máa gbé orí ọmọ fún apárí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ń tún eyín ṣe, ṣé eyín tiẹ̀ ló fi ń ṣe é ni?"

"Má bá mi jiyàn." Ó fa wíìgì kan yọ nínú báàgì, ó dé e mọ́ mi lórí.

Wíìgì ọ̀hún gbóná, ó sì ń yún mi. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ káàsán, sà. Bàálé mi kò sí nílé." Ojú tì mí. Kì í ṣe torí orí pípá, n kò tijú ìyẹn rí. Ohun tó tì mí lójú ni pé mo gbà fún ẹ̀gbọ́n mi.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ.

Àṣà kan ti mọ́ mi lára láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Kí n tó fi kílípà kan orí oníbàárà, mo máa ń kọ́kọ́ fà á kọjá ní orí èmi fúnra mi, láti iwájú dé ìpàkọ́, kí n lè mọ̀ bóyá ó gbóná jù. Bí mo bá fẹ́ gérun lọ́jọ́ mẹ́sàn-án yẹn, mo máa ń bọ́ wíìgì sílẹ̀, àfi lọ́jọ́ tí ọ̀gá ilé ìwé dé. Ó jókòó, mo so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, mo tan kílípà. Ọwọ́ mi bá ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ogún ọdún.

N kò mọ nǹkan kan lára. Ìdì irun kan ló já bọ́ sí èjìká mi. Mo wo dígí: títì gbọọrọ ti la wíìgì já, orí mi sì ń dán láàárín rẹ̀. Ọ̀gá náà ń wo ohun tí mò ń wò.

"Sítáì tuntun ni, sà!" Ẹ̀gbọ́n mi ti fò dìde. "Òun ló wà níta báyìí. Àwọn èèyàn ńlá ló ń gé e!"

Ọ̀gá wò mí lápá ọ̀tún, ó wò mí lápá òsì.

"Hẹn-ẹn. Àwọn tíṣà mi ní mo ti di ará àtijọ́. Ó dáa, gé e fún èmi náà."

Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣẹ́jú sí mi: gé e, gé e! Mo gbé kílípà dé iwájú orí ọ̀gá. Mo rí i lọ́kàn mi bó ṣe máa dúró níwájú igba ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú títì lórí. Ọwọ́ mi kọ̀. Mo ṣí wíìgì kúrò, mo gbé e sórí tábìlì.

"Ẹ má bínú, sà. Irọ́ ni. Apárí ni mí. Ẹ jẹ́ kí n gé e bó ṣe yẹ yín."

"Ó ti pa wá!" ni ẹ̀gbọ́n mi kígbe.

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó wo wíìgì náà bí ẹni tó ń wo iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ tí kò kàwé. "Gé e," ló wí. Mo gé e, ó gún régé. Ó dúpẹ́, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ará òdìkejì ló gba iṣẹ́ náà. Ó dùn mí dé egungun, n kò ní purọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò kí mi fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ọ̀gá wọlé, ó jókòó sórí àga mi. Ẹnu yà mí.

"Sà, mo rò pé ará òdìkejì lẹ mú?"

"Àwọn ọmọ ni mo gbé fún un. Ọwọ́ ẹ̀ yá. Bó bá gé tiwọn bàjẹ́, á hù padà kí ìsinmi tó dé." Ó tú bọ́tìnì ọrùn rẹ̀. "Tèmi kò lè hù bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò jẹ́ kí n gé sítáì yẹn ni mo fẹ́."

Ó sì tẹrí ba níwájú mi.