Èwo Làbúrò Nínú Ìbejì?

Ẹ gbọ́, nígbà tí ìjọba gbé ètò sáàpù dé, tí owó wọ́n, tí àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà ń lé òṣìṣẹ́ bí ẹni ń lé adìẹ, èmi ò kúrò níbi tí mo wà. Tíì ni mò ń pò fún àwọn ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan. Ẹni tó bá lé ẹni tó ń po tíì, òun fúnra ẹ̀ ló máa máa pò ó.

Òyìnbó ni máníjà wa nígbà yẹn, Mísítà Kólìn. Ẹ ò gbọdọ̀ pè é ní Gẹ̀ẹ́sì o. Á ní, "Sùlíyá, èmi kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ará Sìkọ́tílándì ni mí." Tó bá ti mu ife kan tán, ọ̀rọ̀ ilé wọn ló kù. Ilé ọlọ́lá ni wọ́n bí i sí, ilé olókùúta gíga, ilẹ̀ tí ojú ò lè ká, àgùntàn tí ò lóǹkà. Mo wá ní, ọ̀gá, kí lẹ wá ń ṣe nídìí ọ̀dà ní Ìkẹjà? Ẹ̀rín pa á. Ó ní ọmọ kẹta lòun, pé lọ́dọ̀ tiwọn wọn kì í pín ogún. Àkọ́bí ló ń kó gbogbo ẹ̀, ilé, ilẹ̀, oyè, àgùntàn. Èyí tó tẹ̀ lé e á lọ ṣe sójà, èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn á wọ nefi, iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá ńlá wọn ti ń ṣe é bọ̀. Òun ò tíì hu irùngbọ̀n tí wọ́n fi wọ aṣọ nefi fún òun, wọ́n ní ó dàbọ̀. Ìgbà tóun kúrò níbẹ̀ lòun wá sídìí ọ̀dà.

"Inú ò bí yín?"

"Kí ló máa bí mi nínú? Ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti àgùntàn. Èmi rí gbogbo ayé."

Mo délé, mo sọ ọ́ fún ọkọ mi bí àwàdà. Mi ò mọ̀ pé ó máa mú un ní gidi. Wẹ́dà tó ń jó irin ni Dàwódù ọkọ mi, Agége ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà. Ìbejì ọkùnrin la bí, Táyé àti Kẹ́yìndé, wọ́n ti jáde sẹ́kọ́ndìrì, àwọn méjèèjì ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ta ló wá ń ṣe géètì nígbà sáàpù? Iṣẹ́ tó ń wọlé ò tó ẹnì kan jẹ, ká má tíì sọ ti èèyàn mẹ́ta.

Ó ní, "Ìyá Ìbejì, àwọn ọlọ́lá yẹn gbọ́n o. Ká ṣe bíi tiwọn. Kí ẹ̀gbọ́n gba ṣọ́ọ̀bù, kí àbúrò lọ sí nefi."

"Àwa náà ti wá di ọlọ́lá?"

"Ọlọ́lá Agége."

Inú mi dùn sí i, torí ó bá àwọn ọmọ náà mu. Kẹ́yìndé lẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ẹ̀ sì mọ irin. Géètì tí Táyé bá jó, ewúrẹ́ á gba àárín ẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n tí Táyé bá ti rí ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù, á tẹ̀ lé e dé Maryland. Kẹ́yìndé ní tiẹ̀, ẹ má wulẹ̀ mú un dé etí omi. Ọjọ́ tá a wọ ọkọ̀ ojú omi láti Àpápá lọ sí Mẹ́rínà, ara Àlájà kan ló ń bì sí títí tá a fi gúnlẹ̀.

Mo bẹ Mísítà Kólìn pé kó bá wa dá sí i. Ó ní òun mọ ẹnì kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nefi, á kọ́ ọmọ náà ní ohun tó yẹ kó mọ̀ kó tó lọ ṣe ìdánwò. Ó ní kí gbogbo wa wá bá òun ní ọ́fíìsì ní Sátidé, kóun rí àbúrò ọ̀hún.

A lọ. Ọkọ mi wọ agbádá tó fi gbéyàwó. Mísítà Kólìn wo àwọn ọmọ náà, ó tún wò wọ́n.

"Èwo ló kọ́kọ́ jáde?"

Bàbá Ìbejì ò mọ ibi tí ìbéèrè ń lọ. "Táyé ni."

Mísítà Kólìn mi orí. "Àrólé yín nìyẹn. Mi ò lè ju àrólé onílé sómi." Ó gbé ọwọ́ lé Kẹ́yìndé léjìká. "Ìwọ lò ń lọ."

Ọmọ mi wò mí. "Màmá, omi?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ó tì o. Kẹ́yìndé lẹ̀gbọ́n."

"Ṣebí òun ló jáde gbẹ̀yìn?"

"Òun ló rán Táyé ṣáájú, pé kó wá tọ́ ayé wò bóyá ó dùn."

"Inú ikùn ló ti rán an?"

"Inú ikùn níbẹ̀ náà."

Ó wò mí bí ẹni pé iyọ̀ ni mo fi sí tíì ẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ogún kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde ló ń jogún. Ọkọ mi ní kí n sọ fún un pé Agége kọ́ ni Sìkọ́tílándì. Mo yí i sí rere kí n tó túmọ̀ ẹ̀. Ọ̀gá ò gbà. Ó ti nawọ́ sí tẹlifóònù, mo sì mọ̀ pé tó bá ti dárúkọ Kẹ́yìndé fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ ará nefi yẹn, ó parí.

Òógùn ti bo Kẹ́yìndé. Kò wẹ̀yìn. Ó kàn ní, "Táyé, dìde níbẹ̀ kí Màmá jókòó. Lọ bá mi bu omi tútù wá."

Táyé dìde lórí àga, ó sì lọ. Kò bi í pé kí ló dé. Ó gbé omi dé, ó dúró tì í títí tó fi mu ún tán, ó gba ife lọ́wọ́ ẹ̀, ó tún gbé e padà lọ.

Mísítà Kólìn rọra gbé tẹlifóònù sílẹ̀. "Kí ló sọ fún un?"

Mo sọ fún un.

"Ṣé bó ṣe máa ń rán an nìyẹn?"

Bàbá Ìbejì ní, "Látìgbà tí wọ́n ti ń rìn."

Òyìnbó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "Mo ti darí ọkọ̀ ogun rí o. Síbẹ̀, tí mo bá délé, ẹ̀gbọ́n mi á ní, Kólìn, lọ bá mi mú àwọn ajá wọlé. Mà á sì lọ." Ó nàka sí ẹnu ọ̀nà tí Táyé gbà. "Àbúrò nìyẹn."

Táyé wọlé, ó ń nu ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Ṣé èmi lẹ fi ń rẹ́rìn-ín?"

Bàbá ẹ̀ ní, "Ò ń lọ sí nefi."

Táyé fò mọ́ Kẹ́yìndé. Kẹ́yìndé ní kó fi òun sílẹ̀ jàre.

Táyé ṣe ìdánwò, ó yege. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un láyè wá sílé, ó wọ funfun láti òkè délẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ tààrà. Kẹ́yìndé na irin sí i látinú ṣọ́ọ̀bù.

"Má wọlé o. Epo wà nílẹ̀."

"Ṣé báyìí lo ṣe ń kí ọmọ ogun?"

"Dúró síbẹ̀ kó o sọ bó ṣe rí."

Ló bá dúró síta, ó ń pariwo ọ̀rọ̀ òkun wọlé, Kẹ́yìndé náà ń pariwo tiẹ̀ jáde. Mo gbé àga dé, mi ò mọ ọ̀dọ̀ èwo ni kí n gbé e sí. Mo kúkú gbé e sẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó.