Omi Tí Rekiyat Sè

Ó sè é! Yéè! Obìnrin yìí sè é! Ká ní ó kàn bù ú bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ní àìbìkítà ni. Ká ní ó ní òun gbàgbé... Ṣùgbọ́n ó dáná, ó gbé ìkòkò ka iná, ó dúró tì í títí ó fi hó yaaya. Omi odò. Omi iyọ̀! Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí tí òkun ti ya wọ gbogbo odò wa, tí èèyàn ò lè fi kan ẹnu kó má tutọ́ dànù. Inú ìyẹn ló wá da oògùn inú ọ̀rá sí, oògùn tí iyọ̀ ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ń fi ṣíbí fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru. Iyọ̀ lórí iyọ̀, ó ń fa omi tó kù lára ọmọ gbẹ!

Ìsìmáílà rèé lórí bẹ́ẹ̀dì, omi dírípù ń kán sí i lára díẹ̀díẹ̀. Ojú ẹ̀ ti jìn wọnú. Yóò yè... àbí? Dókítà ò wí nǹkan kan tó já gaara. Rekiyat ìyá ẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sunkún, ojú mi ló ń wò. “Mo sè é, mà. Nọ́ọ̀sì ní kí n sè é.” Ohun tó sọ nìyẹn bí wọ́n ṣe gbé ọmọ jáde nínú ọkọ̀ ojú omi láti Ugbonla. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń retí kí n yin òun!

Nọ́ọ̀sì Ọpẹ́fólúwa! Òun ló pa á— rárá, kò tíì kú, èmi Adétutù, kí n gbẹ́nu dákẹ́! Ọpẹ́fólúwa ló fún un lóògùn. Kí ló dé tí kò bi í pé omi wo lẹ ń mu nílé? Òjò ti dá, dírọ́ọ̀mù tí a fi ń gbe òjò ti gbẹ, ọkọ̀ ló ń gbé píọ̀ wọ́tà wá, ó sì wọ́n. Ìbéèrè kan péré! Ọmọ òkè ni, kì í ṣe ará etí òkun bíi tiwa, lóòótọ́, omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń sè lọ́dọ̀ wọn. Bó bá ti hó, kòkòrò kú, ó parí. Ta ló ń ro ti iyọ̀ níbẹ̀? Iyọ̀ kì í kú nínú ìkòkò. Bí omi ṣe ń fà ló ń le sí i... Èmi ọ̀gá ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni màá tò sí i létí lónìí. Màá bú u débi tí kò ní í gbàgbé láéláé.

“Mo kọ́ ọ, mà. Mo bi í pé ṣé ó yé e, ó ní ó yé òun.” Bí Ọpẹ́fólúwa ṣe wí lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Ó yé e! Kí lo fẹ́ kó wí? Obìnrin tí ọmọ ń yàgbẹ́ sí lẹ́yìn, tí ọlọ́kọ̀ ń pariwo pé òun ń lọ, tí ìwọ aláṣọ funfun wá dúró lé lórí, ṣé á ní kò yé òun ni? Á mi orí, á lọ. O ò ní kó tún un sọ fún ẹ. O ò—

Dúró ná.

Àràárọ̀ Mọ́ńdè... ta ló ń dúró lé àwọn nọ́ọ̀sì lórí? “Ẹ máa kọ́ àwọn aláìsàn o! Ẹ má kàn máa há oògùn!” Gbogbo wọn á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, èmi á wọ ọ́fíìsì, inú mi á dùn pé mo ti ṣiṣẹ́. Mi ò jókòó ti ọ̀kankan wọn kí n gbọ́ bó ṣe ń kọ́ èèyàn. Ọmọ òkè yìí, mi ò mú un wọ ọkọ̀ lọ wo ilé ẹnì kankan. Mi ò ní kó tọ́ omi wa wò rí. Háà! Èmi!

Ọpẹ́fólúwa ló ń bọ̀ yìí. Ó ń nujú, ó ń retí èébú. Bí mo bá bú u tán báyìí, á ní, “Ó yé mi, mà.” Olúwa mi o... á ní ó yé òun, bí Rekiyat ṣe wí fún un, èmi náà á sì gbà pé ó yé e.